Bí Ẹ Ṣe Lè Pààrọ̀ Timing Belt Ọkọ̀ Yín Fúnra Yín Nínú Ọgbà Ilé, l'Ékòó Níbí

Ìbéèrè kan náà ló ń wọlé ṣáá: "Ṣé mo lè pààrọ̀ timing belt ọkọ̀ mi fúnra mi, àbí dandan ni kó dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì?" Timing belt ni bẹ́líìtì eléyín inú ẹ́ńjìnnì tó so crankshaft (ọ̀pá ìsàlẹ̀ tí písítìnnì ń yí) mọ́ camshaft (ọ̀pá òkè tó ń ṣí fáàfù), kí méjèèjì lè máa yí bára mu. Ẹ lè ṣe é, bí ẹ bá ti ń tú búréèkì, tí ẹ sì ti ń pààrọ̀ plọ́ọ̀gì àti fáànù bẹ́líìtì fúnra yín tẹ́lẹ̀. Ẹni tí kò di sípánà mú rí, kó má fi èyí kọ́ṣẹ́. Irú ẹ́ńjìnnì tó wà lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì yín náà ní ohun tó máa sọ sí i: ẹ́ńjìnnì kan wà tó máa ń dárí jini, òmíràn ò sì mọ ohun tó ń jẹ́ àforíjì. Ibẹ̀ ni màá ti bẹ̀rẹ̀, kí n tó dé orí sípánà.

## Ṣé ọkọ̀ yín tiẹ̀ ní timing belt?

Ọ̀pọ̀ nínú tòkunbọ̀ tó ń rìn ní ìgboro, ṣéènì onírin ló wà nínú wọn, kì í ṣe bẹ́líìtì. Camry Big Daddy oní-sìlíńdà mẹ́rin, Camry Muscle, Corolla ti Amẹ́ríkà láti ọdún 1998 wá, Honda Accord End of Discussion oní-sìlíńdà mẹ́rin: ṣéènì ni gbogbo wọn. Bí ẹnikẹ́ni bá bu owó timing belt fún yín lórí ọkọ̀ wọ̀nyí, ẹ kí i, kí ẹ máa lọ.

Àwọn tó ń lo bẹ́líìtì, tí a sì ń rí dáadáa l'Ékòó:

- Camry 2.2 ti ọdún 1997 sí 2001, èyí tí a ń pè ní Tiny Light àti Drop Light. Ẹ́ńjìnnì 5S-FE ni.
- Toyota oní-V6 ayé ìgbà yẹn: Sienna ti 1998 sí 2006, Highlander V6 ti 2001 sí 2007, Lexus RX300 àti RX330.
- Honda Accord oní-sìlíńdà mẹ́rin ti 1998 sí 2002. Bẹ́líìtì méjì ló wà nínú rẹ̀, ọ̀kan tóbi, ọ̀kan kéré.
- Honda oní-V6: Accord, Odyssey, Pilot.

Camry 2.2 yẹn ló ń dárí jini. Bí bẹ́líìtì rẹ̀ bá já lórí eré, ọkọ̀ á kú, ẹ ó tì í sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, ẹ ó fi bẹ́líìtì tuntun sí i, ó tún ń lọ nìyẹn. Ti Honda kò rí bẹ́ẹ̀. Nínú Honda, àyè kan náà ni fáàfù àti písítìnnì jọ ń lò, wọ́n kàn ń yà fún ara wọn ni. Bẹ́líìtì já tàbí ó fo eyín mélòó kan, wọ́n á kọlu ara wọn, fáàfù á tẹ̀, ó di kí wọ́n sọ top cylinder (orí ẹ́ńjìnnì) kalẹ̀.

Nítorí náà, Camry 2.2 ni mo fi ṣe àpẹẹrẹ láti ìsàlẹ̀ yìí lọ. Oní-Honda, ẹ kà á títí dé ibi tí mo ti bá yín sọ̀rọ̀.

## Ìgbà wo ló yẹ kí ẹ pààrọ̀ rẹ̀

Ohun tí Toyota sọ fún Camry yìí ni 60,000 máìlì, ìyẹn nǹkan bí 96,000 kìlómítà. Ṣùgbọ́n ẹ má fi ojú máìlì nìkan wò ó l'Ékòó. Ẹni tó ń ti Ìkòròdú wá sí Ìsàlẹ̀ Èkó láràárọ̀, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ á máa yí fún wákàtí mẹ́ta nínú gósílóò nígbà tí máìlì kò kúrò lójú kan. Bẹ́líìtì kò mọ̀ pé ọkọ̀ dúró. Yíyí ni ó ń yí.

Tòkunbọ̀ tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ rà ńkọ́? Iye máìlì tó wà lójú dáṣíbọ́ọ̀dù kì í ṣe ohun tí èèyàn lè búra lé. Bí kò bá sí ìwé tó fi hàn pé wọ́n ti pààrọ̀ rẹ̀, ẹ kà á sí pé wọn kò pààrọ̀ rẹ̀.

Ẹ má sì dúró de ariwo. Bẹ́líìtì fúnra rẹ̀ kì í sábà pariwo kó tó já. Bí ẹ bá gbọ́ ariwo níbẹ̀, bíárìn tensioner (púlì tó ń mú bẹ́líìtì le) tàbí ti wátà pọ́ọ̀ǹpù ló sábà máa ń jẹ́.

## Ohun tí ẹ ó rà

- Timing belt tuntun. Tòkunbọ̀ bẹ́líìtì kì í ṣe ohun tí èèyàn ń rà.
- Tensioner, púlì tó bá a rìn, àti sípírìngì tensioner
- Wátà pọ́ọ̀ǹpù pẹ̀lú gásíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀
- Ọ́ìlì síìlì mẹ́ta: ti camshaft, ti crankshaft, ti ọ́ìlì pọ́ọ̀ǹpù
- Fáànù bẹ́líìtì méjèèjì, bí ti inú ọkọ̀ bá ti ń sán
- Coolant

Ládípọ̀ ní Mùṣin tàbí Aspamda ní Trade Fair lẹ ó ti rí gbogbo rẹ̀. Ẹ ya fọ́tò nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì yín lọ, torí "Camry 2000" nìkan kò tó: 2.2 wà, V6 wà, bẹ́líìtì wọn kò sì bára mu. Gates, Bando, Mitsuboshi àti Aisin jẹ́ orúkọ tó dára, ìdí gan-an nìyẹn tí wọ́n fi ń ṣe ayédèrú wọn. Ẹ wo lẹ́tà tó wà lẹ́yìn bẹ́líìtì: kó mọ́, kó má ṣe máa ṣí mọ́ èékánná. Ẹ wo eyín rẹ̀ níkọ̀ọ̀kan, kí wọ́n dọ́gba, kí òwú má yọ létí.

Bí ẹni tó ń tà á bá ká bẹ́líìtì náà pọ̀ bíi bébà láti fi hàn yín pé ó le, ẹ ní kó mú òmíràn wá. Okùn tó wà nínú rẹ̀ máa ń ṣẹ́ bí a bá ká a pinpin, ojú kò sì lè rí i láti òde.

Ẹnìkan á ní, "Wátà pọ́ọ̀ǹpù mi ṣì dáa, kí ni mo fẹ́ fi òmíràn ṣe?" Timing belt yìí gan-an ló ń yí wátà pọ́ọ̀ǹpù, ó sì ń yí ọ́ìlì pọ́ọ̀ǹpù náà. Bí èyíkéyìí nínú wọn bá jò lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, gbogbo ohun tí ẹ tú lẹ ó tún tú, ọ́ìlì tàbí coolant á sì ti ba bẹ́líìtì tuntun jẹ́. Èmi ò ní pààrọ̀ bẹ́líìtì nìkan.

## Irinṣẹ́ àti ibi iṣẹ́

- Sọ́kẹ́ẹ̀tì àti sípánà 10, 12, 14, 17, 19. 21 fún nọ́ọ̀tì táyà
- Power handle gígùn, pẹ̀lú páìpù irin tó lè wọ ìdí rẹ̀
- Torque wrench, ìyẹn sípánà tó ń sọ bí bóòtì ṣe le tó. Ẹ yá a bí ẹ kò bá ní
- Jáàkì méjì, sítáńdì jáàkì méjì, pákó nínípọn méjì tàbí mẹ́ta
- Pọ́là fún púlì
- Tippex, tọ́ọ̀ṣì, páálí, bírò

Ilẹ̀ tó le, tó sì tẹ́jú ni kí ẹ lò. Níbi tí ilẹ̀ bá jẹ́ yanrìn, bíi ti ọ̀pọ̀ ọgbà ní Àjáh àti Ajégúnlẹ̀, ẹ tẹ́ pákó sábẹ́ jáàkì àti sítáńdì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ wọ́n á rì. Búlọ́ọ̀kù sìmẹ́ńtì kì í ṣe sítáńdì. Ó lè gbé ọkọ̀ fún wákàtí kan kó tó fọ́ lójijì, ẹ ó sì wà lábẹ́ ọkọ̀ nígbà yẹn.

Ẹ̀yin tí ẹ ń páàkì sójú títì ní Ìsàlẹ̀ Èkó, ẹ má tú u síbẹ̀. Ẹ tọrọ ọgbà lọ́wọ́ ẹbí tàbí ọ̀rẹ́ ní Súrùlérè tàbí Yábàá. Ẹ tún sọ fún àwọn tí ẹ jọ ń gbé ọgbà lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú pé ọkọ̀ yín kò ní lè sún. Kò sí ohun tó ń mú èèyàn ṣe àṣìṣe bíi "Brother, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ jáde" nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń bẹ lórí jáàkì.

## Títú u

1. Àárọ̀ kùtù ni kí ẹ bẹ̀rẹ̀, kí ẹ́ńjìnnì tutù pátápátá. Ẹ yọ kọ́kọ́rọ́, ẹ tú tẹ́míná nẹ́gétíìfù bátìrì.
2. Hánbúréèkì lókè, jíà ní P, wẹ́ẹ̀jì lẹ́yìn táyà ẹ̀yìn méjèèjì. Ẹ dẹ nọ́ọ̀tì táyà iwájú ọ̀tún nígbà tó ṣì wà nílẹ̀. Ẹ wá gbé ọkọ̀, ẹ fi sítáńdì sí i, ẹ mì ín dáadáa. Bó bá yẹ̀, ẹ tún un gbé. Ẹ yọ táyà.
3. Ẹ yọ ike tó bo ìdí ẹ́ńjìnnì nínú ihò táyà.
4. Ẹ ya fọ́tò bí fáànù bẹ́líìtì ṣe rìn, kí ẹ tó dẹ wọ́n kúrò.
5. Ẹ kọ nọ́ńbà 1 sí 4 sára wáyà plọ́ọ̀gì, kí ẹ tú plọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Èyí ló máa jẹ́ kí ẹ lè fi ọwọ́ yí ẹ́ńjìnnì láìlàágùn.
6. Ẹ ṣí coolant dànù sínú bàsíà, kí ẹ tó tú wátà pọ́ọ̀ǹpù.
7. Ẹ fi pákó sáàárín jáàkì kejì àti ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì, kí ẹ gbé e sókè díẹ̀, kó kàn gba ìwúwo rẹ̀. Ẹ wá tú ẹ́ńjìnnì síìtì apá ọ̀tún. Bí kò bá sí pákó, jáàkì á tẹ páànù ọ́ìlì wọnú.
8. Ẹ tú ike òkè tó bo bẹ́líìtì. Bóòtì rẹ̀ kò gùn dọ́gba, nítorí náà ẹ ya àwòrán ike náà sórí páálí, kí ẹ gún bóòtì kọ̀ọ̀kan mọ́ ibi tí ẹ ti yọ ọ́.

## Gbígbé e sí tọ́ọ̀pù

Tọ́ọ̀pù ni ibi tí písítìnnì kìíní ti dé òkè pátápátá, tí àmì òkè àti ìsàlẹ̀ sì bára mu. Ibí ni iṣẹ́ wà. Ohun yòókù, títú àti dídè ni.

1. Ẹ ki sọ́kẹ́ẹ̀tì bọ bóòtì àárín púlì ìsàlẹ̀ (ti crankshaft), kí ẹ máa yí i bí ọwọ́ aago ṣe ń yí. Ẹ má yí i padà sẹ́yìn. Bí ẹ bá kọjá àmì, ẹ yí i lọ títí tó fi máa tún yí dé ibẹ̀.
2. Ẹ dúró nígbà tí ihò tẹ́ẹ́rẹ́ etí púlì náà bá kọjú sí "0" lára ike.
3. Ẹ gbé ojú sókè. Ihò kékeré kan wà lára púlì camshaft; ẹ wò ó gba inú rẹ̀ kọjá pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì. Àmì tó wà lára irin tó wà lẹ́yìn rẹ̀ gbọ́dọ̀ bọ́ sáàárín ihò náà gẹ́rẹ́.
4. Bí ẹ kò bá rí àmì kankan nínú ihò náà, ẹ má jẹ́ kí àyà yín já. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ìsàlẹ̀ ń yí kí òkè tó yí lẹ́ẹ̀kan. Ẹ yí ìsàlẹ̀ ní odindi ẹ̀ẹ̀kan sí i.
5. Bó bá ti bọ́ sí i, ẹ fi Tippex kan púlì àti ara ẹ́ńjìnnì tó kọjú sí i, lókè àti nísàlẹ̀. Ẹ ya fọ́tò, ní iwájú gan-an, kì í ṣe láti ẹ̀gbẹ́.

Àmì Tippex kò gba ipò àmì tí ilé-iṣẹ́ fi síbẹ̀. Bí ẹni tó ṣe é kẹ́yìn bá ti fi eyín kan ṣì í, tí ẹ sì kàn kun Tippex láìwo ihò yẹn, àṣìṣe tirẹ̀ lẹ ń ṣe ẹ̀dà rẹ̀.

Bóòtì àárín yẹn. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń jáwọ́. Bí jíà yín bá jẹ́ mánúà, ẹ fi sí jíà karùn-ún, kí ẹnìkan tẹ búréèkì mọ́lẹ̀ kí ẹ fi power handle àti páìpù dẹ ẹ́. Bó bá jẹ́ ọ́tò, ohun èlò ìdi-púlì-mú ló dára jù, tàbí kí ẹ yá impact (ẹ̀rọ tó ń tú bóòtì) oníbátìrì. Àwọn kan máa ń gbé power handle ti ara ọkọ̀, wọ́n á wá fi kọ́kọ́rọ́ ta sítátà kó fi agbára rẹ̀ dẹ bóòtì. Ó ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ràn rẹ̀: bí irin yẹn bá yọ, ó lè ṣẹ́ ọwọ́. Ọ̀nà yòówù kí ẹ gbà, ẹ padà lọ wo àmì òkè àti ìsàlẹ̀ lẹ́yìn tó bá dẹ̀, torí ó ṣeé ṣe kó ti sún.

Pọ́là ni kí ẹ fi fa púlì jáde. Òòlù àti ṣísù á ṣẹ́ ẹ létí.

## Yíyọ ti àtijọ́

1. Ẹ tú ike ìsàlẹ̀. Irin pẹlẹbẹ kan á wà níwájú bẹ́líìtì lára crankshaft. Etí tó tẹ̀ síta ló kọjú sí yín. Ẹ rántí bó ṣe wà.
2. Ẹ dẹ bóòtì tensioner, kí ẹ tì í sápá òsì títí tó fi máa débi tó lè dé, kí ẹ dì í síbẹ̀ díẹ̀. Bẹ́líìtì á dẹ̀, ẹ fà á jáde.
3. Láti ìsinsìnyí lọ, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ yí òkè tàbí ìsàlẹ̀, ọmọdé tó wá wòran náà kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án.

Bẹ́líìtì àtijọ́, ẹ má sọ ọ́ nù. Ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ kí ẹ kà á bí ìwé. Bí eyín rẹ̀ bá tutù tó sì wú, ọ́ìlì ti ń jò sí i, ẹ wá síìlì tó ń jò. Bí etí ẹ̀gbẹ́ kan bá jẹ, púlì kan kò dúró ṣánṣán, tàbí bíárìn rẹ̀ ti lọ.

Ẹ wá pààrọ̀ síìlì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, wátà pọ́ọ̀ǹpù, tensioner àti púlì. Ẹ ha ojú gásíkẹ́ẹ̀tì mọ́ pẹ̀lú ohun tí kò ní gé alumíníọ́ọ̀mù. Ẹ nu ọ́ìlì kúrò lára gbogbo púlì. Ẹ má fi gíríìsì, ọ́ìlì tàbí sípíréè kankan kan bẹ́líìtì tuntun.

## Fífi tuntun sí i

1. Ẹ fi méjèèjì ti ara wọn: fífẹ̀ wọn, ìrísí eyín wọn, iye eyín wọn. Ẹ ka eyín náà lóòótọ́, kí ẹ máa fi Tippex kan gbogbo ìkẹwàá.
2. Ẹ tún wo àmì. Nísàlẹ̀, àmì ara púlì kékeré inú gbọ́dọ̀ kọjú sí àmì ara ọ́ìlì pọ́ọ̀ǹpù. Lókè, ihò yẹn náà.
3. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti crankshaft. Ẹ gba ẹ̀gbẹ́ tí tensioner kò sí gòkè, kí bẹ́líìtì le gbagidi ní ẹ̀gbẹ́ yẹn, kí gbogbo dídẹ̀ rẹ̀ kù sí ẹ̀gbẹ́ tensioner. Fọ́tò tí ẹ yà ni kí ẹ tẹ̀ lé. Ọwọ́ ni kí ẹ fi tì í wọlé, ẹ má fi skrudíráfà jàn án.
4. Ẹ dẹ bóòtì tensioner ní ìdajì yíyí, kí sípírìngì fúnra rẹ̀ fà á. Ẹ má bá a fi irin tì í. Bẹ́líìtì tó le jù á máa ké, á sì jẹ bíárìn.
5. Ẹ dá irin pẹlẹbẹ, ike ìsàlẹ̀ àti púlì padà, kí ẹ mú bóòtì àárín díẹ̀.
6. Ẹ fi ọwọ́ yí i ní odindi ẹ̀ẹ̀mejì, jẹ́jẹ́, bí ọwọ́ aago ṣe ń yí, títí ihò púlì á fi padà dé "0". Ẹ wo òkè. Àmì gbọ́dọ̀ wà láàárín ihò.
7. Bó bá yẹ̀, kódà eyín kan péré, ẹ yọ ọ́ kí ẹ tún un fi sí i. Kò sí "ó sún mọ́ ọn" nínú iṣẹ́ yìí.
8. Ẹ di bóòtì tensioner. Ẹ di bóòtì àárín sí 108 N·m pẹ̀lú torque wrench.

Ìgbésẹ̀ kẹfà yẹn ni mo fẹ́ kí ẹ ṣe bó bá tiẹ̀ rẹ̀ yín, bí òjò bá tiẹ̀ ti ń ṣú. Ọwọ́ yín máa ń mọ̀ bí nǹkan bá dí ẹ́ńjìnnì lọ́nà, ẹ ó sì dúró. Sítátà kò mọ̀ ọ́n, kò sì ní dúró.

## Kí ẹ tó ta á

- Ẹ́ńjìnnì síìtì ti padà, bóòtì rẹ̀ le?
- Ike òkè àti ìsàlẹ̀ ti padà? Bí bóòtì bá ṣẹ́kù lórí páálí, ẹ wá ibi tó ti wá.
- Plọ́ọ̀gì àti wáyà wà bí nọ́ńbà wọn?
- Coolant ti kún? Ẹ má lo omi kànga tàbí bọ́hòlù. Iyọ̀ àti irin inú rẹ̀ máa ń jẹ rédíétọ̀.
- Sípánà kankan kò sí nínú ẹ́ńjìnnì?

Ẹ ta á. Ẹ ṣí ìdérí rédíétọ̀ sílẹ̀ láti ìgbà tó ti tutù, kí afẹ́fẹ́ lè jáde, kí ẹ máa bu coolant kún un. Bó bá ń súfèé, tí ìró rẹ̀ sì ń ga bí ẹ ṣe ń tẹ ẹ́, bẹ́líìtì le jù. Bó bá ń gbá ike páápáá, ó dẹ̀. Bó bá ń gbọ̀n, tí kò lágbára, tí iná check engine tàn, eyín kan ti ṣì: ẹ pa á, ẹ padà sórí àmì.

## Oní-Honda

Accord oní-sìlíńdà mẹ́rin ti 1998 sí 2002 ń yí lòdì sí bí ọwọ́ aago ṣe ń yí, kò rí bíi Camry. Bẹ́líìtì kejì tó wà nínú rẹ̀ ní àmì tirẹ̀, bóòtì àárín rẹ̀ sì gba 245 N·m, ìlọ́po méjì ti Camry àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èyí tó burú jù ni pé fáàfù á tẹ̀ bí ẹ bá ṣì í. Mi ò ní kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ ṣe Camry aládùúgbò kan ná.

## Bí ẹ bá fẹ́ kí mẹkáníìkì ṣe é

Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Ẹ fúnra yín ra ọjà, kí ẹ pè é wá sílé, kí ẹ sì dúró tì í. Kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ fi ọ̀wọ̀ sọ fún un pé, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ óò fi ọwọ́ yí i ní ẹ̀ẹ̀mejì lójú mi kí ẹ tó ta á." Mẹkáníìkì tó mọṣẹ́ kò ní bínú sí ìyẹn. Ẹ gba bẹ́líìtì àtijọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pẹ̀lú.

Bó bá ti já mọ́ yín lọ́wọ́ lójú ọ̀nà ńkọ́, bóyá lórí bíríìjì Third Mainland? Sítátà á máa yí fẹ́ẹ́rẹ́ fẹ́ẹ́rẹ́ láìjẹ́ pé ẹ́ńjìnnì mú. Ẹ má tún un ta mọ́. Ẹ tan iná hásáàdì, kí ẹ pe ẹni tó máa fà á. Bó bá jẹ́ Camry 2.2, ẹ ra ọjà yín pé pérépéré. Bó bá jẹ́ Honda, bẹ́líìtì nìkan ni kí ẹ kọ́kọ́ rà, kí mẹkáníìkì fi sí i, kó fi ọwọ́ yí i, kó sì wọn compression (bí písítìnnì ṣe ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀ tó) nínú sìlíńdà kọ̀ọ̀kan. Ìgbà tí èsì ìyẹn bá dára ni kí ẹ tó lọ náwó lórí wátà pọ́ọ̀ǹpù àti tensioner.